Oògùn Ọjọ́ Mẹ́rin Tí Mi Ò Lò Tán

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ fara balẹ̀, ẹ jẹ́ kí n ro ẹjọ́ ara mi fún yín lónìí. Ó ti pẹ́ tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń jẹ mí lọ́kàn, mo ti pa á mọ́ra títí, ó ti sú mi!

Ọdún 2008 ni. Alápẹ̀rẹ̀ lèmi àti Kúnlé ọkọ mi ń gbé nígbà yẹn. Ọdún kẹsàn-án tá a ti ṣègbéyàwó nìyẹn, kò sọ́mọ. Ẹ mọ ohun tí ojú obìnrin máa ń rí nínú irú ọ̀rọ̀ báyẹn, àbí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ máa ṣàlàyé? A ti ṣe IVF lẹ́ẹ̀mejì, kò dúró.

Lẹ́ẹ̀kẹta, dókítà wa, obìnrin jẹ́jẹ́ kan, ní òun ti rí ohun tó ń dí wa lọ́wọ́. Ó ní ọlẹ̀ tí àwọn ń fi ẹyin mi àti nǹkan ọkọ mi ṣe ní èèpo lára, pé èèpo tèmi nípọn jù, ọlẹ̀ ò rọ́nà jáde kó lè lẹ̀ mọ́ ilé ọmọ. Ó ní àwọn ti ní ẹ̀rọ tuntun báyìí, léésà, iná tín-ín-tín tó máa lu èèpo náà díẹ̀. Mo rántí òròmọdìyẹ kan tó kú sínú ẹyin nílé ìyá mi torí kò lágbára àtifọ́ èèpo. Mo ní kí wọ́n lù ú o jàre!

Ẹyin mẹ́ta péré ni wọ́n rí gbà lára mi ní Tuesday ọ̀sẹ̀ yẹn. Méjì ló di ọlẹ̀. Dókítà sọjú abẹ níkòó: mo ti lé lógójì, kò dájú pé ẹyin míì ṣì ń bọ̀. Àwọn méjì yẹn náà ló kù fún wa.

Friday ni wọ́n máa fi wọ́n sínú mi. Dókítà fún mi ní oògùn ọjọ́ mẹ́rin, àárọ̀ àti alẹ́, kí n bẹ̀rẹ̀ láti Thursday. Ó ní èèpo tá a lu yẹn, ilẹ̀kùn la ṣí sílẹ̀, ara mi lè ka ọlẹ̀ sí àjèjì kó bá a jà. Oògùn yìí ló máa pẹ̀tù sí ara mi nínú. Ó tún ní kí n mu omi dáadáa ní Friday, kí ìtọ̀ kún inú mi, káwọn lè rí ilé ọmọ lórí scan. "Má fo ìkankan o, Madam." Ẹ̀ẹ̀mejì ló sọ ọ́.

Kò sẹ́ni tó gbọ́ sí i. Kúnlé ló fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀. Ó ní táwọn èèyàn bá gbọ́, ọmọ inú ìgò ni wọ́n á máa pe ọmọ wa. Ó ní pàápàá jù lọ, ìyá òun n'Íkòsí ò gbọdọ̀ gbọ́. Màmá tí gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì ń bẹ̀rù àdúrà ẹnu wọn nìyẹn!

Àṣé Mummy náà ń rò tiwa. Wednesday nírọ̀lẹ́, mo ṣílẹ̀kùn, àwọn rèé, tàwọn ti báàgì. Wọ́n ní Ẹ̀mí ní káwọn wá bá wa gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta nítorí inú mi. Ààwẹ̀ gbígbẹ! Láti àfẹ̀mọ́júmọ́ Thursday títí di ìrọ̀lẹ́ Saturday, kò sóúnjẹ, kò sómi. Mo wo Kúnlé, Kúnlé ń wo ilẹ̀. Láti ìṣẹ́jú yẹn ni ara mi ti ń sọ fún mi pé nǹkan kan máa bà jẹ́.

A wọ yàrá, mo bẹ̀ ẹ́ pé ká sọ fún Mummy. Ó kọ̀ jálẹ̀. Ó ní kí n máa yọ́ oògùn mi lò, Ọlọ́run mọ̀dí ẹ̀. Ó rọrùn lẹ́nu ẹ̀, àbí? Ṣé ikùn tiẹ̀ ni Mummy ń gbọ́wọ́ lé gbàdúrà ní gbogbo wákàtí?

Thursday, láàárọ̀ àti lálẹ́, mo fomi ẹ̀rọ gbé oògùn mì nínú bálùwẹ̀, àfi bí ẹni tó ń jalè. Friday, mo tún lo ti àárọ̀, mo wá parọ́ pé mò ń lọ síbi iṣẹ́ l'Ójòtá. Kíliníìkì ni mo lọ. Mo mu pure water mẹ́rin níwájú géètì wọn, mò ń wẹ̀yìn wò bíi pé Mummy dúró síbẹ̀. Nígbà tó yá, wọ́n fi àwọn ọlẹ̀ náà hàn mí lórí tẹlifíṣàn kékeré kan kí wọ́n tó fi wọ́n sínú mi. Wọ́n rí roboto, ihò kékeré ti wà lára èèpo wọn. Mo sunkún. Mo ní, ẹ káàbọ̀ o, ẹ̀yin ọmọ mi.

Aago mẹ́rin ni mo délé. Mummy bi mí bóyá nǹkan kan ti kan ẹnu mi látàárọ̀. Mo ní rárá. Wọ́n ní ká kúnlẹ̀. Wọ́n gbàdúrà títí, wọ́n wá ní, "Olúwa, ẹni tó bá ba ààwẹ̀ yìí jẹ́ láàárín wa, má jẹ́ kó rí èrè ẹ̀!"

Àmín tèmi ló ròkè jù!

Ẹ gbọ́ ná, ká ní ẹ̀yin ni, kí lẹ máa ṣe? Ẹ̀rù bà mí gan-an. Lálẹ́ yẹn, mi ò lo oògùn. Saturday, mi ò lò ó. Mo rò ó pé tí mo bá pa ìyókù ààwẹ̀ náà mọ́, bóyá Ọlọ́run á fojú fo tẹ̀yìn. Ààwẹ̀ parí, ó di Sunday, mo kàn ń wo oògùn náà ni. Kí ni mo tún fẹ́ fi ṣe lẹ́yìn tí mo ti fo tó báyẹn? Kúnlé bi mí, mo ní mo ti lò ó tán.

Ọjọ́ kẹwàá tí wọ́n fi wọ́n sínú mi, ẹ̀jẹ̀ yọ. Ó kéré láàárọ̀. Nígbà tó máa fi dọ̀sán, ó ti pọ̀. Mo jókòó sínú tọ́ílẹ́ẹ̀tì, mo mọ̀ pé ó ti parí.

Kúnlé ló pe ìyá ẹ̀ lórí fóònù tẹkúntẹkún. Gbogbo ohun tó ní ká má sọ, ó sọ ọ́ tán pátápátá! Mummy dé lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn. Wọ́n dì mọ́ mi, wọ́n wá bi mí bóyá mo lo oògùn dókítà bó ṣe yẹ. Mo jẹ́wọ́. Mo ní ààwẹ̀ ni, Mummy, àdúrà tẹ́ ẹ gbà yẹn ló bà mí lẹ́rù.

Mummy ò bínú. Ṣe ni wọ́n rọra jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Wọ́n ní, "Bùnmi, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ni mò ń lò. Ní ọjọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yẹn, àràárọ̀ ni mò ń fomi gbé tèmi mì kí n tó jí yín. Ṣé oògùn loúnjẹ ni? Kí ló dé tẹ́ ẹ̀ sọ fún mi?"

Yéè! Mo sunkún títí ohùn mi fi há.

Mo padà lọ jẹ́wọ́ fún dókítà. Ó ní kò sẹ́ni tó lè sọ bóyá oyún náà ì bá dúró ká ní mo lo oògùn tán, ó lè má dúró náà. Ó fẹ́ fìyẹn tù mí nínú ni. Ṣùgbọ́n ìyẹn gan-an ló ń pa mí, torí mi ò ní mọ̀ láéláé.

Ẹ má bi mí bóyá mo padà bímọ, kì í ṣe ìyẹn ni mo wá sọ. Ohun tí mo wá sọ ni pé ẹni tó bá ń gbàdúrà fún yín, ẹ jẹ́ kó mọ ohun tó ń gbàdúrà lé lórí. Tẹ́ ẹ bá sì ń gbààwẹ̀, ẹ sọ fún dókítà yín kó tó kọ oògùn.

Ẹ̀yin náà ńkọ́? Ta ló ti pa oògùn tì rí nítorí ààwẹ̀, tàbí nítorí àṣírí tí wọ́n ní kó pa mọ́? Ẹ kọ tiyín sísàlẹ̀ fún mi, ẹ má tijú. Èmi tí mo ṣe àmín lé ọmọ ara mi lórí, ẹnu wo ni mo fẹ́ fi dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi?