Ìtẹ́ Àkọ̀ Tí Wọn Ò Jẹ́ Kí N Rí

Mo sanwó láti lọ wo ẹyẹ nílẹ̀ Faransé, wọ́n sì sọ mí di ọmọ ọ̀dọ̀ níbẹ̀.

Títí di òní, bí òjò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ní Hillcrest Heights ní Maryland, ní Amẹ́ríkà, tí aládùúgbò mi gé koríko iwájú ilé rẹ̀, òórùn yẹn máa ń gbé mi padà sí ilé àlejò tí a wọ̀ sí lẹ́bàá adágún kan ní Faransé: koríko tútù, ẹrẹ̀, ìgbẹ́ màlúù, àti búrẹ́dì gbígbóná tí ìyá onílé máa ń gbé jáde láàárọ̀. Ó yẹ kó jẹ́ òórùn ayọ̀. Ìgbà ìrúwé ni, igi ápù ti tanná, àwọn ọ̀pọ̀lọ́ ń dún nínú omi bí ẹni tó ń jiyàn, ẹyẹ sì pọ̀ débi pé ẹni tí kò bìkítà fún ẹyẹ náà á gbójú sókè. Ṣùgbọ́n bí òórùn yẹn bá ti dé, mo máa ń ti fèrèsé. Jẹ́ kí n rò ó fún ọ bó ṣe rí gan-an, nítorí mo ti rò ó fún àwọn tó yẹ kó dáhùn, wọn ò sì dáhùn.

Bí o bá fẹ́ mọ ohun tí nọ́ọ̀sì tó ń ṣiṣẹ́ wákàtí méjìlá lójúmọ́ ń wá nídìí ẹyẹ, bàbá mi ló fà á. Olùkọ́ bàyọ́lọ́jì ni wọ́n ní Ṣakí. Lọ́dọọdún, bí ọyẹ́ bá ti ń fẹ́, àwọn àkọ̀ máa ń bà sí pápá ẹ̀yìn ilé-ẹ̀kọ́ wọn: ẹyẹ funfun gàgàrà, etí ìyẹ́ apá rẹ̀ dúdú bí ohun tí a rì bọ tàdáwà, ẹnu àti ẹsẹ̀ rẹ̀ pupa. Bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, wọn a lọ. Bàbá mi a ní, "Ilé òyìnbó ni wọ́n ń lọ bímọ sí. Àwa là ń gbà wọ́n lálejò, a ò sì rí ọmọ wọn rí." Wọ́n wo àwòrán ìtẹ́ àkọ̀ kan tí a yà láti ìsàlẹ̀, wọ́n yà á sínú ìwé kan, gbogbo igi wẹ́wẹ́ ara rẹ̀ ló hàn kedere, ṣùgbọ́n wọ́n fi inú ìtẹ́ náà sílẹ̀ lófìfo. Wọ́n ní àwọn ò ní í ya ohun tí ojú àwọn ò rí. Wọ́n kú láìrí i. Ìwé náà wà lọ́wọ́ mi. Nítorí náà, nígbà tí mo kà nínú ìpolówó ilé-iṣẹ́ kan pé ní ọjọ́ kẹta ìrìnàjò wọn, a óò gun ilé ìṣọ́ onígi kan tó kọjú sí ìtẹ́ àkọ̀ tó ti pa ọmọ, mo bẹ ọ̀gá mi ní wọ́ọ̀dù, mo gba ìsinmi ọ̀sẹ̀ kan, mo sì ra pẹ́ńsùlù tuntun.

Àwa méjìlá la pàdé ní pápákọ̀ òfurufú. Àwa méjì péré la jẹ́ aláwọ̀ dúdú. Ẹnì kejì mi ni màmá Yorùbá kan láti Glenarden nítòsí wa, ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, tí n kò mọ̀ rí láyé mi. (Mo ṣì ń pè wọ́n ní "wọ́n." Bí inú ṣe ń bí mi tó, ahọ́n mi ò gbà kí n sọ ọ́ lọ́nà mìíràn.) Báàgì kan wà léjìká wọn, wọ́n ń wọ́ òmíràn nílẹ̀. Kí ni ìwọ ìbá ṣe? Ohun tí wọ́n fi tọ́ mi dàgbà ni mo ṣe. Mo tẹ orúnkún mi, mo ní, "Ẹ kú ìrìn, Mà," mo sì gba báàgì méjèèjì lọ́wọ́ wọn.

"Ẹ̀n-ẹ́n! Àwọn tó ń kúnlẹ̀ ṣì kù ní Amẹ́ríkà yìí?" Màmá rẹ́rìn-ín. "Àwọn tí mo bí, 'háì' ni wọ́n fi ń kí mi, tí ojú wọn á wà lórí fóònù. Ọlọ́run á gbé ẹ ga, ọmọ mi."

"Àmín, Mà."

Ibi tí ìyà mi ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, lórí àmín.

Nígbà tí a dé ọ̀hún, afọ̀nàhàn wa ń dúró dè wá, ọkùnrin onírùngbọ̀n pupa kan tó mú ìwé orúkọ dání. Ó wo èmi pẹ̀lú báàgì mẹ́ta lọ́rùn àti lọ́wọ́, ó wo Màmá tó ń rìn lọ́wọ́ òfìfo, ó sì bi Màmá, kò bi èmi, pé, "Ta nìyí?"

"Ọmọ mi ni," Màmá fi èdè òyìnbó dá a lóhùn. "Òun ló ń ràn mí lọ́wọ́."

Ìwọ àti èmi mọ̀ pé ìwúre ni ìyẹn. Ẹni tó bá gbé ẹrù àgbà, ọmọ àgbà náà ni títí ẹrù yóò fi sọ̀. Ṣùgbọ́n ọkùnrin náà yọ bírò, ó kọ nǹkan sórí ìwé rẹ̀. Mo rí i bó ti ń kọ ọ́. Mo rò pé ó ń ka iye wa ni, mo tún bá a rẹ́rìn-ín.

Yàrá ni wọ́n kọ́kọ́ gbà lọ́wọ́ mi. Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni tèmi, fèrèsé rẹ̀ kọjú sí adágún. Lẹ́tà tí ilé-iṣẹ́ náà fi ránṣẹ́ sí mi sọ bẹ́ẹ̀, mo sì tẹ̀ ẹ́ síwèé. Inú yàrá kótópó kan nísàlẹ̀ ni wọ́n kó ẹrù mi sí, ilẹ̀kùn kan ṣoṣo ló wà láàárín èmi àti Màmá. Afọ̀nàhàn ní bẹ́ẹ̀ ló máa rọrùn. Màmá ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀, ọmọ mi. Orúnkún mi kì í gbọ́ràn láàárọ̀." Lọ́jọ́ kejì, a fẹ́ lọ sí ẹ̀bá odò láti lọ wo àwọn ẹyẹ aláwọ̀ mèremère tó ń gbẹ́ ihò sára bèbè. Afọ̀nàhàn ṣí àpótí, ó ń pín awò olójú méjì tí a fi ń wo ọ̀ọ́kán. Ó fún Màmá. Nígbà tó kàn mí, ó pa àpótí dé.

"Tèmi ńkọ́?"

"Àwọn àlejò nìkan ló wà fún."

"Àlejò ni mí."

Ó rẹ́rìn-ín bí ẹni tí ọmọdé pa lẹ́rìn-ín. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo tọ̀ ọ́ lọ, mo ní kó fi ìwé rẹ̀ hàn mí. Orúkọ mọ́kànlá ló wà níbẹ̀ tí nǹkan kan ò ṣe. Níwájú orúkọ Màmá, ó kọ ọ́ pé: àti olùtọ́jú rẹ̀ kan. Orúkọ tèmi, èkejìlá, wà nísàlẹ̀ pátápátá, ó ti fa igi gbọọrọ lé e lórí. Ó ní òun rò pé wọ́n kọ mí lẹ́ẹ̀mejì ni. Mo ṣàlàyé fún un pẹ̀lú ohùn pẹ̀lẹ́ tí mo fi ń bá mọ̀lẹ́bí aláìsàn sọ̀rọ̀: n kò mọ màmá yìí rí, èmi ni mo san owó ara mi, nítorí àkọ̀ ni mo ṣe wá. Ojú rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà. Ó ń wá fóònù rẹ̀ kó lè pe ọ́fíìsì wọn. Àfi bí Màmá ṣe pè láti ìdí iná, "Ọmọ mi! Bá mi wá gíláàsì ojú mi, mo rò pé mo jókòó lé e ni." Mo lọ wá gíláàsì. Bẹ́ẹ̀ ni, ẹsẹ̀ mi ló gbé mi lọ, n kò rán an níṣẹ́. Ìgbà tí mo padà dé, ọkùnrin náà ti lọ jẹun. Tí o bá jẹ́ òun, lẹ́yìn ohun tó rí yẹn, ta lo máa gbà gbọ́?

Ọjọ́ kẹta pé. Oòrùn yọ, ìrì ṣì wà lórí koríko, a rin ọ̀nà tóóró kan láàárín esùsú títí a fi dé ìdí ilé ìṣọ́ náà. Àkàsọ̀ rẹ̀ ga. Afọ̀nàhàn ní kò gbọdọ̀ ju àlejò mọ́kànlá lọ tó máa gùn ún. Ìwé bàbá mi wà ní abíyá mi, pẹ́ńsùlù wà nínú irun mi. Màmá gbé ẹsẹ̀ lé àtẹ̀gùn kìíní, wọ́n gbé e lé ìkejì, wọ́n sì sọ̀ kalẹ̀, wọ́n jókòó sórí àga onírọ́bà tí mo gbé wá fún wọn.

"Òòyì ń kọ́ mi."

Mo di ọrùn ọwọ́ wọn mú, mo ka bí ẹ̀jẹ̀ wọn ṣe ń lù. Ó ń lọ geere bíi ti ọmọge. Mo wo ojú wọn, mo wo ètè wọn, mo ní kí wọ́n fún ìka mi. Wọ́n fún un débi tó dùn mí. "Kò sí nǹkan tó ṣe yín, Mà. Ẹ jókòó síbí, mi ò ní í pẹ́."

"Ṣé torí ẹyẹ lo fẹ́ fi èmi nìkan sílẹ̀ nínú igbó òyìnbó?"

Mo gbójú sókè wo afọ̀nàhàn. Ó ti wà lórí àkàsọ̀. Ó ní, "Olùtọ́jú máa ń dúró ti ẹni tó ń tọ́jú ni," ó sì ń gùn lọ. Ènìyàn mẹ́wàá ló tẹ̀ lé e. Kà á dáadáa: àyè mọ́kànlá, ènìyàn mẹ́wàá. Àyè mi wà lókè níbẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí mo fi wà nísàlẹ̀, kò sẹ́ni tó dúró síbẹ̀.

O lè ní kí ló dé tí n kò pariwo. Èmi náà ti bi ara mi. Bí mo bá pariwo, obìnrin dúdú oníjàgídíjàgan ni wọ́n máa pè mí. Bí mo bá sọ lójú gbogbo wọn pé n kò mọ màmá yìí rí, mo ti dójú ti àgbà láàárín àwọn tí kò mọ ohun tí àgbà jẹ́. Bí mo bá sì lọ, mo ti fi ẹni tó ní òòyì ń kọ́ òun sílẹ̀ létí omi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo mọ̀ pé irọ́ ni, n kò sì ṣe irú rẹ̀ rí láti ọjọ́ tí mo ti ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Mo há sáàárín mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bí eku tó há sẹ́nu ihò. Mo jókòó sórí koríko tútù.

Ìgbà náà ni mo gbọ́ wọn. Bàbá mi ti sọ fún mi pé àkọ̀ kì í ké, òkè àti ìsàlẹ̀ ẹnu gígùn rẹ̀ ló máa ń lù mọ́ra. Kàkàkàkàkà, ó dún lókè esùsú, ó dákẹ́, òmíràn dá a lóhùn. Ìyá àti bàbá ni, wọ́n ń kí ara wọn lórí ìtẹ́. Mo gbójú sókè títí ọrùn fi ń ro mí. Pákó ilé ìṣọ́ ni mo rí, àti ìdí bàtà àwọn tó ń wò wọ́n. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, Màmá ti ṣí búrẹ́dì àti wàràkàṣì, wọ́n ń jẹ ẹ́ pẹ̀lú ìgbádùn. Nígbà tí àwọn yòókù sọ̀ kalẹ̀, obìnrin kan ń nu omi ojú. "Ọmọ mẹ́ta ni," ló ń sọ. Ó gbá mi léjìká pẹ̀lẹ́. "O mà mọ màmá yẹn tọ́jú o." Kò ní èrò burúkú kankan. Ìyẹn gan-an ló burú jù. Òjò rọ̀ láti ọjọ́ kejì rẹ̀ títí a fi lọ, kò sẹ́ni tó tún gun ilé ìṣọ́.

Mo padà sí Maryland, mo kọ lẹ́tà mẹ́ta sí ilé-iṣẹ́ náà. Wọ́n fi ìdúpẹ́ dá èkíní lóhùn. Wọ́n fi ìbéèrè dá èkejì lóhùn, pé kí ni nọ́ńbà oníbàárà tí mo bá wá. Èsì ẹ̀kẹta ni mo lẹ̀ mọ́ ara fíríìjì mi. Wọ́n ní níwọ̀n bí mo ti jẹ́ olùtọ́jú, ẹni tí mo tọ́jú ló lẹ́tọ̀ọ́ láti fẹjọ́ sùn, kí Màmá fúnra wọn kọ̀wé.

Mo wa mọ́tò mi lọ sí Glenarden. Màmá gbà mí tayọ̀tayọ̀, wọ́n gbé mọ́ínmọ́ín síwájú mi. Ní ara ògiri pálọ̀ wọn, wọ́n gbé fọ́tò ńlá kan kọ́ tí ọ̀kan nínú àwọn tó gun òkè fi ránṣẹ́ sí wọn. Mo rí etí ìtẹ́ náà, mo sì yára yí ojú mi kúrò. Ohun tí bàbá mi ò fi ojú ara wọn rí, n kò ní í wò ó nínú fọ́tò ẹlòmíràn. Mo ní gbólóhùn kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí wọ́n kọ fún mi: pé n kì í ṣe olùtọ́jú wọn, pé a ò mọ ara wa rí.

Wọ́n ti àwo mọ́ínmọ́ín sún mọ́ mi. "Ṣé kí n wá fi ọwọ́ ara mi kọ̀wé sí òyìnbó pé ìwọ kì í ṣe ọmọ mi?"

"Òótọ́ ni, Mà."

"Òótọ́ kọ́ nìyẹn. Jẹ mọ́ínmọ́ín ẹ, kó má tutù."

N kò jẹ ẹ́. Láti ìgbà náà, mo ti ń ro ohun tí wọ́n gbà lọ́wọ́ mi, kì í sì í ṣe ẹyẹ nìkan. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, níwájú ṣọ́ọ̀bù kan ní Langley Park, bàbá arúgbó kan, ọmọ ilẹ̀ wa, ń bá àpò iṣu jìjàkadì lẹ́bàá mọ́tò. Ọwọ́ mi na. Ó dúró. Mo wò yíká bóyá ẹnì kan ń wò wá. Kí n tó pinnu, bàbá ti gbé iṣu náà fúnra wọn, wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ. Irú ọwọ́ yìí kọ́ ni wọ́n fi tọ́ mi. Ilẹ̀ Faransé ni mo ti mú un bọ̀.

Nítorí náà, mo ń béèrè. Afọ̀nàhàn, nígbà tí o fẹ́ mọ ẹni tí mo jẹ́, kí ló dé tí o kò bi mí? Èmi ni mo sún mọ́ ọ jù. Ẹ̀yin ọ̀gá ilé-iṣẹ́, ta ló tó bẹ́ẹ̀ láti pa orúkọ rẹ́ lórí ìwé, tó sì tún ní kí ẹni tí wọ́n pa orúkọ rẹ̀ rẹ́ lọ wá ẹlòmíràn tí yóò bá a sọ̀rọ̀? Àyè kọkànlá tó ṣófo lórí ilé ìṣọ́ yẹn, ta lẹ fi sílẹ̀ fún? Àti ẹ̀yin, Màmá, mo kúnlẹ̀ béèrè: ọjọ́ tí ẹ pè mí lọ́mọ, ṣé ẹ rántí pé èmi náà ní bàbá? Ìtẹ́ wọn ṣì ṣófo nínú ìwé. Ẹ dá mi lóhùn, gbogbo yín. Ẹ má sì fi èsì rán ẹnikẹ́ni sí mi. Ẹ kọ orúkọ mi sára àpòòwé, kó pé, kó má ní igi lórí.