Nígbà tí Wọ́n Ní Ká Sọ̀ Kalẹ̀ Lórí Òkè Ọ̀kà

Orí òkè ni wọ́n gbé mi níyàwó sí, ní Ọ̀kà. Inú agbo ilé kan ni gbogbo wa ń gbé. Ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín yàrá mi àti ti ìyálé mi, ìyàwó ẹ̀gbọ́n ọkọ mi. Nígbà tí mo fẹ́ bí àkọ́bí mi, n kò pe ẹnikẹ́ni. Ó gbọ́ ìkérora mi láti yàrá rẹ̀, ó sì wá gbẹ̀bí mi.

Nígbà tó yá, ọ̀nà mọ́tò láti Ìkàrẹ́ dé ìsàlẹ̀ òkè. Àjẹ́lẹ̀ òyìnbó pàṣẹ pé kí a sọ̀ kalẹ̀ wá kọ́lé sẹ́bàá ọ̀nà. Ó ní ogun ti tán, kí la tún ń sá fún lórí àpáta? Àwọn àkódà kóòtù ló wá pín ilẹ̀. Wọ́n ní ilé alápáànù nìkan ló gbọdọ̀ kọjú sí ọ̀nà, nítorí ilé koríko máa ń gbiná. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ń ra èkùrọ́ fún àwọn oníṣòwò, ó lágbára páànù. Ọkọ mi, iṣu ló ń gbìn. Ẹ̀yìn pátápátá ni wọ́n fún wa, létí àbàtà, níbi tí omi ìdọ̀tí àwọn ará ojú ọ̀nà ń ṣàn sí.

Ìyálé mi ní, “Ìyàwó, má bọkàn jẹ́. Pè mí lásán, màá dé.”

Àmọ́ ọkọ rẹ̀ mọ odi yí ilé rẹ̀ ká nítorí olè. Bí mo bá lọ kí ìyálé mi, ẹni tó ń ṣọ́ ẹrù á bi mí pé kí ni mo wá ṣe. Mo bá dín ẹsẹ̀ kù níbẹ̀.

Ọjọ́ tí mo rọbí oyún kejì, ọkọ mi wà lóko, òjò sì ń rọ̀ bí ẹni pé kò ní dá. Mo pe ìyálé mi títí ohùn mi fi há. Ọmọ náà bọ́ sílẹ̀, ìwọ́ ti lọ́ mọ́ ọn lọ́rùn. N kò tètè rí i tú. Kò ké rárá.

Òjò ti dá kí ìyálé mi tó wọlé. Ó rí mi nílẹ̀.

“Ìyàwó! Kí ló dé tí o ò pè mí?”

“Mo pè yín.”

“Ariwo òjò lórí páànù ni,” ló wí, ó sì jókòó sínú ẹrẹ̀, ó káwọ́ lérí.

Ọkọ mi kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó ru koríko gun òkè lọ tún ilé wa àtijọ́ ṣe. Àwọn àkódà tẹ̀ lé e, wọ́n wó ilé náà lulẹ̀, wọ́n sì mú un lọ sí kóòtù ní Ìkàrẹ́. Wọ́n ní kó lọ máa fọ́ òkúta tí wọ́n fi ń ṣe ọ̀nà mọ́tò.

Ó ti rù hangogo nígbà tó dé. Mo gbé oúnjẹ fún un, kò jẹ ẹ́. Ọkọ́ ló mú, tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ kòtò tí omi àbàtà yóò máa gbà kọjá lẹ́nu ọ̀nà wa. Kò mẹ́nu ba òkè mọ́.