Ọgọ́rin Ni Mo Ní Kó Dúró

Olóríkunkun ni mí, ẹ jẹ́ kí n tètè fi ẹnu ara mi sọ ọ́. Ó lé lọ́gbọ̀n ọdún tí mo fi kọ́ àwọn ọmọ níṣẹ́ ẹ̀rọ ní ilé-ìwé kan n'Ìkọ̀lé, mi ò sì rò pé ọ̀kan nínú wọn lè sọ pé òun gbọ́ kí n ní, "Mo ṣì í." Ìyàwó mi máa ń sọ pé bí mo bá ti dúró sórí ọ̀rọ̀ kan, àfi kí wọ́n fi okùn fà mí kúrò níbẹ̀. Kò parọ́ mọ́ mi.

Nígbà tí owó epo pẹtiróòlù wá di ohun tí èèyàn ń gbọ́ tó ń káwọ́ lérí, ọmọ wa ọkùnrin tó ń ṣiṣẹ́ l'Ékòó gbé ọkọ̀ kékeré kan wá fún mi. Àlòkù ni, ṣùgbọ́n kì í mu epo; iná ló ń mu. Ó ti ní kí wọ́n to sólà sórí òrùlé wa ṣáájú, nítorí ta ni yóò gbẹ́kẹ̀ lé iná ìjọba? Ọkọ̀ náà kì í pariwo rárá. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo wà á dé ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì, ìyá kan tó dúró lójú ọ̀nà kò mọ̀ pé mo wà lẹ́yìn òun títí mo fi tẹ fèrè. "Yéè! Tíṣà, ṣé ẹ fẹ́ pa mí ni?" Gbogbo wa rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà.

Kí ọmọ mi tó padà, ó mú mi jókòó sínú ọkọ̀, ó fi ìka tọ́ka sí ìlà kan lójú gíláàsì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítíárì. "Dádì, ibi tí ẹ bá fa ìlà yìí dé ni iná máa dúró. Ọgọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún ni kẹ́ ẹ fi sí lójoojúmọ́. Bátìrì tí wọ́n bá ń rọ iná kún dẹ́nu lójoojúmọ́, kíá ló ń gbó. Ṣùgbọ́n bẹ́ ẹ bá fẹ́ rìn jìnnà, ẹ fà á dé ọgọ́rùn-ún, kò séwu." Etí méjèèjì ni mo fi gbọ́ ti àkọ́kọ́. Ti ìkejì, mo gbọ́ ọ, mi ò kàn gbé e sọ́kàn ni.

Ẹni tó wá dá kún un ni mẹkáníìkì kan nínú ìjọ wa. Ó yí ọkọ̀ náà po lẹ́yìn ìsìn lọ́jọ́ Ìsinmi kan, ó yínmú. "Tíṣà, ẹ̀yin náà! Kó tó pé ọdún méjì, bátìrì yìí á ti kú. Ẹ̀ẹ́ wá fi ọkọ̀ ṣe ilé adìyẹ." Inú bí mi. Mo ní kó lọ jókòó, pé lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá ká tún pàdé níwájú ṣọ́ọ̀ṣì yìí. Láti ọjọ́ náà ni ọgọ́rin ti di òfin nílé mi. Mo ń fi ṣọ́ọ̀kì kọ iye iná àràárọ̀ sára ògiri gáréèjì, bí ẹni ń kọ orúkọ àwọn ọmọ kíláàsì. Mo ń wàásù rẹ̀ fún ẹni tó béèrè àti ẹni tí kò béèrè.

Àbúrò mi obìnrin ni ọ̀rọ̀ yìí kàn. Òun nìkan ló kù fún mi nínú àwọn ọmọ ìyá mi. Òkè-Àkò ló lọ́kọ sí. Ọkọ rẹ̀ ti di olóògbé, àwọn ọmọ rẹ̀ sì ti tú ká sí ọ̀nà jíjìn. Uṣu àti ẹ̀gẹ́, ìyẹn iṣu àti pákí, ló ń gbìn, bí òun fúnra rẹ̀ ṣe ń pè é nìyẹn, torí kò jẹ́ fi ẹnu ilé-ìwé tèmi sọ̀rọ̀ láé. Ọdún mẹ́ta péré ni mo fi jù ú lọ, síbẹ̀ kò pe orúkọ mi rí. "Ẹ̀gbọ́n mi" ni tàárọ̀-tàlẹ́. Bí mo bá ti sọ̀rọ̀ tán, ọ̀rọ̀ ti tán nìyẹn.

Ọmọ mi ṣì wà nílé lọ́jọ́ tí àbúrò mi wá kí wa. Ó ń bu omi mu, ó sì ń da omi náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ife. Ọmọ mi wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Lọ́jọ́ kejì, ó rọ ọkọ̀ kún, ó gbé àbúrò mi lọ sí ilé ìwòsàn ńlá kan ní Ìdó, èmi náà bá wọn lọ. Dókítà ní omi inú ojú rẹ̀ ti pọ̀ jù, ó ń ni iṣan tí a fi ń ríran lára. Pé èyí tó ti lọ ti lọ, èyí tó kù ni ká dì mú. Ó fún un ní oògùn tí yóò máa kán sójú, ó ní kó máa wá lóṣooṣù, àti pé láìpẹ́ àwọn máa ṣe iṣẹ́ abẹ sí i kí ìyókù má bàa lọ. Nígbà tí à ń bọ̀ nínú ọkọ̀, àbúrò mi ní ohun kan ṣoṣo lòun ń bẹ Ọlọ́run fún: kí òun máa fi ojú ara òun rí oko òun, kí ẹnikẹ́ni má fa òun lọ́wọ́ káàkiri.

Nígbà tí ọmọ mi padà, ó wá kù sí èmi lọ́wọ́ láti máa gbé e lọ. Mo ṣe ìṣirò sára ògiri. Kí n lọ gbé e ní Òkè-Àkò, ká gba Ọyẹ́ àti Ìfàkì dé Ìdó, kí n dá a padà sílé, kí n tó wá padà sílé tèmi: bí bátìrì bá kún, á gbé wa lọ, á gbé wa bọ̀, díẹ̀ á sì tún ṣẹ́kù. Ọgọ́rin kò lè ṣe é. Mo ní kó máa gun ọkadà wá bá mi n'Ìkọ̀lé, kí n máa gbé e láti ibẹ̀. Ó ní, "Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ kú wàhálà."

Ọjọ́ àkọ́kọ́ tó gun ọkadà wá, òjò ti ba ọ̀nà jẹ́. Ọkadà náà dà wọ́n sínú ẹrẹ̀. Ìdajì aṣọ rẹ̀ ni ẹrẹ̀ bò nígbà tó dé, orúnkún rẹ̀ bó, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Ìyàwó mi wò mí, ó lọ gbé omi gbígbóná wá. Nígbà tí a fi máa dé Ìdó, wọ́n ti gba iye èèyàn tí wọ́n lè gbà lọ́jọ́ náà. Wọ́n dá ọjọ́ mìíràn fún un, wọ́n ní ọjọ́ náà ni dókítà máa yẹ̀ ẹ́ wò fún iṣẹ́ abẹ, kó rí i pé òun tètè dé.

Ọ̀sán tí ọjọ́ náà ku ọ̀la ni àbúrò mi pè mí. Mo wà nínú ọkọ̀ ní gáréèjì, wáyà iná wà lára rẹ̀, oòrùn mú dáadáa, sólà sì ń ṣiṣẹ́. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ọlọ́kadà ní òun ò lè gba ọ̀nà yìí lówùúrọ̀ kùtù. Ṣé ẹ lè wá gbé mi ní ulé?" Mo wo gíláàsì. Ọgọ́rin. Mo gbé ìka lé ìlà náà. Ìka mi wà lórí rẹ̀, Ọlọ́run gbọ́! Kí n kàn fà á díẹ̀ ló kù, kí ilẹ̀ tó ṣú á ti kún. Mo rántí mẹkáníìkì yẹn àti bó ṣe yínmú. Mo gbé ìka mi kúrò.

Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ níṣẹ́ ẹ̀rọ lórí fóònù. Mo ṣàlàyé bátìrì fún un, bó ṣe ń gbó àti ìdí tí a kì í fi rọ ọ́ yó. Ó fara balẹ̀ gbọ́ mi, ó ń ní "ẹ̀n-ẹ́n, ẹ̀n-ẹ́n". Mo ní ká sún un sí oṣù tó ń bọ̀, pé ọ̀nà á ti gbẹ nígbà náà, pé ṣebí ojú kì í fọ́ láàárín oṣù kan. Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀ o! Èmi tí mi ò mọ nǹkan kan nípa ojú. Ó ní, "Ó dáa, ẹ̀gbọ́n mi. Bí ẹ bá ṣe wí náà ni." Inú mi tiẹ̀ dùn pé ọ̀rọ̀ bátìrì yé e.

Oṣù tó ń bọ̀ di oṣù méjì, ó di mẹ́ta. Bí mo bá pè é, tí mo ní, "Ojú ńkọ́?" á ní, "Ó ti ń sàn, ẹ̀gbọ́n mi, a dúpẹ́." Mo gbà á gbọ́ nítorí pé ó rọ̀ mí lọ́rùn láti gbà á gbọ́. Oògùn kíkán ti tán tipẹ́, kò sọ fún mi. Kò fẹ́ bẹ̀ mí lẹ́ẹ̀kejì. Bí wọ́n ṣe tọ́ wa nìyẹn: bí àgbà bá ti ní kò sí, a kì í tún tọrọ. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ dáadáa, mo sì fara pamọ́ sábẹ́ rẹ̀.

Ìdúpẹ́ ìkórè ìjọ àbúrò mi ló tú àṣírí. Mo wakọ̀ lọ sí Òkè-Àkò lọ́jọ́ náà láti bá a dúpẹ́. Nígbà tí wọ́n pe àwọn tó fẹ́ dúpẹ́ síwájú, ó gbé agbọ̀n iṣu rẹ̀, ó rìn kọjá tábìlì tí gbogbo èèyàn ń kó nǹkan lé, ó ń lọ bá ògiri. Obìnrin kan ló sáré fà á lọ́wọ́ padà. Ó rẹ́rìn-ín, bí ẹni pé eré lòun ń ṣe. Lẹ́yìn ìsìn, mo lọ dúró níwájú rẹ̀ gan-an. Ó ń wo ẹ̀gbẹ́ mi, ó ń bi àwọn èèyàn pé ibo ni ẹ̀gbọ́n òun wà.

Lọ́jọ́ kejì, mo rọ ọkọ̀ kún, a lọ sí Ìdó. Ó pẹ́ tí dókítà fi yẹ̀ ẹ́ wò. Ojú ọ̀tún ti lọ pátápátá. Ti òsì, ìmọ́lẹ̀ nìkan ló kù tó ń rí, bí ìgbà tí èèyàn ń wo fìtílà láti ẹ̀yìn aṣọ. Dókítà bi wá pé níbo la wà láti ọjọ́ yìí. Àbúrò mi ló yára dáhùn, ó ní ọ̀nà ni kò dára. Mo jókòó tì í, mo jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀.

A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Àìmọye ọmọ ni mo ti fi òwe yìí bá wí, èmi gan-an ló wá ṣe é. Nígbà tí ọmọ mi wálé ní Kérésì, ó yẹ ọkọ̀ náà wò, ó ní, "Dádì, ẹ káre! Bátìrì yìí ṣì le bí ọjọ́ tí mo gbé e wá." Ó fẹ́ kí inú mi dùn. Mo wọ yàrá lọ, mo ti ilẹ̀kùn. Mẹkáníìkì náà ti gbà fún mi báyìí, ó ní mo mọ nǹkan tí mò ń ṣe. Kí lo mọ̀, ìwọ mẹkáníìkì? Ìbá wù mí kí bátìrì náà ti kú lọ́dún àkọ́kọ́, kí àbúrò mi sì máa rí oko rẹ̀.

Mo ti bẹ̀ ẹ́. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, kí lẹ ṣe fún mi tí ẹ̀ ń bẹ̀ mí?" Ìyẹn ló dùn mí jù. Bó bá bú mi ni, ìbá tù mí lára díẹ̀.

Kò gbà kó wá máa gbé lọ́dọ̀ wa. Ó ní inú ulé òun lòun mọ̀. Mo ń rọ ọkọ̀ kún lóṣooṣù, mo ń lọ gbé e lọ sí Ìdó, nítorí ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ tó kù yẹn. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, a ti kọjá Ọyẹ́ nígbà tí à ń bọ̀, ó wá bi mí bóyá àgbàdo àwọn ará ibí ti yọmọ. Mo wo ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Oko lọ salalu lọ́tùn-ún lósì, àgbàdo ti yọmọ, ewé iṣu ti bo ọ̀pá. Mo fẹ́ sọ ọ́ fún un. Omijé dí mi lójú, mo rọra yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, mo dúró. Ọkọ̀ tí kì í dún ni; àbúrò mi kò lè mọ̀ bóyá èmi ni mo dá a dúró àbí ọkọ̀ ló kú fúnra rẹ̀. Ó nawọ́, ó ń wá apá mi títí ó fi bà á.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé iná rẹ̀ ti tán ni?"

Mo ní rárá. Mo ní ó ṣì kù púpọ̀.