Hilaire àti Ọkọ̀ Tí Ń Wúkọ́

Ẹni tó bá ní òun mọ Hilaire l'Ájàṣẹ́, tí kò lè sọ bí ọkọ̀ rẹ̀ ṣe da ìpàdé àwọn kamaradi rú, irọ́ ló ń pa. Ọdún karùn-ún tí àwọn sójà gba ìjọba ni, tí wọ́n ní kí oníkálùkù máa pe ẹnìkejì rẹ̀ ní kamaradi. Kò tíì pẹ́ tí àwọn ajagungbowó já wọ Kútọnù láti òfurufú, ẹ̀rù sì wà lára gbogbo èèyàn. Bí àgbọn bá já bọ́ lórí igi, wọ́n á ní ìbọn ni.

Soumanou, alága komité àdúgbò, dúró lórí tábìlì lẹ́bàá ọjà, ó na ìka sókè.

"Ẹ̀yin kamaradi, ọ̀tá wà lẹ́nu ibodè! Ọ̀tá ti sún mọ́ wa ju bí ẹ ṣe rò lọ!"

Gbàù!

Gbogbo ìpàdé dojú bolẹ̀. Ẹni tó gbé àsíá ju àsíá nù. Soumanou tó wà lórí tábìlì ti wà lábẹ́ rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó rí i pé ó sọ̀ kalẹ̀. Gbàù! Ìró kejì dún. Èéfín dúdú yọ ní igun ilé, Pijó 403 àtijọ́ kan rọra yọ tẹ̀ lé e, Hilaire sì yọ orí lójú fèrèsé.

"Ẹ má sá o, ẹ̀yin ará! Ọkọ̀ mi ló ń wúkọ́. Ẹ máa bá ìjà yín lọ, èmi kàn ń kọjá ni."

Clémentine, ìyàwó rẹ̀, wà nínú ọkọ̀ náà, ó jókòó lórí àpótí ìdáná, ìwé orin wà lọ́wọ́ rẹ̀. Títí dòní, ohun tó ń sọ ni pé nínú gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀, òun nìkan ni kò rí ibi sá sí.

Ìdí tó fi jókòó lórí àpótí ni pé Hilaire ti tú àga ẹ̀yìn ọkọ̀ dànù. Hilaire kì í ṣe atọ́kọ̀ṣe. Akọ̀wé ilé ìfìwéránṣẹ́ ni. Ọwọ́ tíṣà Faransé kan tó ń padà sílùú rẹ̀ ló ti ra Pijó náà, ọkọ̀ náà sì dàgbà ju ìgbéyàwó wọn lọ. Ẹlòmíràn ì bá dúpẹ́ pé ó ń rìn. Hilaire ní wọ́n fún un lọ́rùn ni.

"Ìyá Pélagie," ó sọ fún ìyàwó rẹ̀, "èémí ni kò tó o. Ẹ́ńjìnnì dà bí èèyàn. Bí èémí bá wọlé dáadáa, tó sì jáde dáadáa, kò sí bí kò ṣe ní sáré."

"Bàbá Pélagie, ṣé Ọlọ́run kò fún ẹ̀yin náà ní èémí ni, tí ẹ kò fi lè fẹsẹ̀ rìn dé ṣọ́ọ̀ṣì?"

"Ọlọ́run ló dá èmi. Faransé ló ṣe ọkọ̀. Èyí tí Ọlọ́run ṣe kò gba àtúnṣe."

Abẹ́rẹ́ ìránṣọ Clémentine ló fi fẹ ihò tín-ín-rín tí esáǹsì, epo ọkọ̀, ń gbà kọjá nínú kabúrétọ̀. Ó tú ìdérí ẹ́ńjìnnì, ó gbé e sórí tábìlì oúnjẹ, ó sì ń ha abẹ́ rẹ̀ lórí gíláàsì láti Àjíǹde títí di Pẹ́ńtíkọ́sì, kí àyè inú rẹ̀ lè fún, kí iná inú rẹ̀ lè le. Bí àlejò bá dé, orí ẹní ni wọ́n ti ń jẹun. Àlùfáà Mẹ́tọ́díìsì dé lọ́jọ́ kan, orí ẹní náà lòun jókòó sí, ó sì gbàdúrà lé oúnjẹ nígbà tí Hilaire ń ha irin lókè orí rẹ̀.

Agolo ńlá tó máa ń pa ariwo mọ́ nídìí páìpù èéfín, ó fi ayùn gé e kúrò. Ó ní ọ̀fun ọkọ̀ ti là. Lẹ́yìn náà ló gbógun ti ìwúwo. Táyà àfikún lọ. Àga ẹ̀yìn lọ. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó dúró, ó ń wo Clémentine láti òkè dé ìsàlẹ̀.

"Kí lẹ̀ ń wò?"

"Kò sí o. Mo kàn ń ronú ni."

Ká sòótọ́, ọkọ̀ náà sáré. Gbogbo alùpùpù tó wà lójú títì Adjarra ló fi sílẹ̀ sẹ́yìn. Dídúró nìkan ni kò mọ̀.

Clémentine kì í bá ọkọ rẹ̀ jà níta. Ó gbé ẹjọ́ náà lọ bá Ọlọ́run. "Olúwa, mú ariwo yìí kúrò níwájú ilé mi, lọ́nà tó bá wù Ọ́." Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ìpàdé tó dàrú yẹn, àwọn kamaradi dé pẹ̀lú sójà, wọ́n ní ìjọba ti gba ọkọ̀ fún àǹfààní àwọn ènìyàn. Àwọn obìnrin ẹgbẹ́ akọrin kí Clémentine kú oríire, wọ́n ní Ọlọ́run gbọ́ àdúrà. Ó dá wọn lóhùn dáadáa. Àmọ́ nígbà tó rí ọkọ rẹ̀ lórí àtẹ́gùn, tó tẹjú mọ́ àbàwọ́n epo níbi tí ọkọ̀ máa ń wà, ó bi ara rẹ̀ pé bí Ọlọ́run bá tilẹ̀ máa dáhùn, ṣé dandan ni kó rán sójà?

Láti ọjọ́ náà lọ, ohun kan ṣoṣo ni Hilaire ń wá láyé: kí ọkọ̀ rẹ̀ padà wálé.

Kò pẹ́ tí Soumanou fi wá kanlẹ̀kùn.

"Kamaradi Hilaire, ọkọ̀ àwọn ènìyàn kò jí."

"Àwọn ènìyàn ńkọ́? Wọn kò mọ bí wọ́n ṣe ń jí i?"

Soumanou wẹ̀yìn wò, ó rẹ ohùn sílẹ̀. Àkàrà Ìyá Idayatou, ìyá Soumanou, ni Hilaire fi ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ láràárọ̀ nígbà èwe, ọwọ́ Soumanou ni ìyá sì máa ń fi rán sí i. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́."

"Ẹ̀gbọ́n ta ni? Kamaradi ni mí."

Níkẹyìn, wọ́n fi Hilaire ṣe awakọ̀ ọkọ̀ ara rẹ̀. Soumanou ṣèlérí pé bí komité bá ti rí ọkọ̀ tó sàn jù ú, Pijó á padà sílé. Ọ̀rọ̀ yìí ni Hilaire gbé sùn. Bí èyí kò bá dára rárá, wọ́n á tètè wá òmíràn. Ẹni tó ti fi ọdún gbáko wá bí ọkọ̀ ṣe máa sáré wá jókòó, ó ń wá bí kò ṣe ní lè rìn.

Ó ki àkísà bọ ẹnu ibi tí atẹ́gùn ń gbà wọlé. Ó tú ìdè irin kan, ó fún òmíràn pa. Nígbà tí àwọn kamaradi ń lọ gba aṣọ fàyàwọ́ lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò Kraké lẹ́nu ibodè, ọkọ̀ kú pátápátá lẹ́yìn Sèmè. Obìnrin kan ru ẹrù aṣọ gàgàrà, ó ń bọ̀ láti ibodè, ó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ó sì kúnlẹ̀ díẹ̀ pẹ̀lú ẹrù lórí.

"Ẹ kú ìdúró o, ẹ̀yin kamaradi."

"Ẹ̀gbọ́n, kí ló ń ṣe ọkọ̀ yìí gan-an?" Soumanou béèrè.

"Ogbó ni. Ẹ jẹ́ kó padà sílé lọ kú."

"Kò burú. Mo ti sọ fún wọn ní Kútọnù pé kò wúlò mọ́. Wọ́n á fún wa ní òmíràn lóṣù tó ń bọ̀."

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Hilaire jó láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí àdògán. Ó gbá àyè ọkọ̀ níwájú ilé mọ́.

Oṣù náà kò tíì lé tí Ìyá Idayatou fi ṣubú lẹ́bàá kànga ní ọ̀sán. Ẹnu rẹ̀ wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Wọ́n ní kí wọ́n máa gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní Kútọnù. Soumanou sáré dé láìwọ bàtà.

"Ẹ̀gbọ́n, ìyá mi! Ẹ jẹ́ kó sáré bí ó ṣe ń sáré tẹ́lẹ̀."

Clémentine gbé orí ìyá lé itan lórí ẹní, níbi tí àga ẹ̀yìn wà tẹ́lẹ̀. Hilaire mọ ohun tó ti ṣe sí ọkọ̀ náà láàárọ̀. Wọ́n ré afárá kọjá, ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí dákú. Ó bọ́ sílẹ̀, ó ṣí i, ó fa àkísà yọ. Ìdè irin kékeré kan bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ sínú iyanrìn. Soumanou kúnlẹ̀, ó ń fọwọ́ wá a. Nínú ọkọ̀, Clémentine ń ka Sáàmù fún ìyá tó jẹ́ Mùsùlùmí, nítorí kò mọ òmíràn tó lè kà. Kò kà á parí tó fi fọwọ́ pa ojú ìyá dé. Ó fi etí gèlè rẹ̀ nu ẹnu ìyá.

"Ó ti ń mí!" Hilaire kígbe lẹ́nu ẹ́ńjìnnì. "Ẹ gbọ́ ọ, ó ti ń mí!"

Ọkọ̀ ló ń sọ.

Soumanou ní àkókò ìyá òun ló tó. Àlùfáà náà sọ bẹ́ẹ̀ nígbà tó wá kí wọn. Clémentine ṣe àmín. Hilaire kò ṣe é.

Lẹ́yìn ìsìnkú, ó tú ẹ́ńjìnnì náà délẹ̀. Kì í ṣe pé kó sáré, kì í sì í ṣe pé kó má rìn. Ó dá ohun gbogbo padà sí bí wọ́n ṣe ṣe é. Ó wá ìdérí mìíràn ní Kraké, ó rán àga ẹ̀yìn tuntun sí i, ó so agolo tuntun mọ́ ìdí páìpù. Nígbà tó jí i, Clémentine kò mọ̀ pé ó ti jí. Ó rọ̀ bí ẹni ń sùn.

"Bàbá Pélagie, bó bá dára tó báyìí, wọn kò ní dá a padà o."

"Mo mọ̀."

"Kí ló wá dé?"

"Ìyá ẹlòmíràn lè ṣubú lọ́la."

Ọ̀gá kamaradi kan wá láti Kútọnù, ó gun ọkọ̀ náà yí ọjà po lẹ́ẹ̀kan, ó ní òun kò tíì rí Pijó àtijọ́ tó tutù tó báyìí. Òun ló gbé e lọ. Wọn kò rí i mọ́. Hilaire wá di ẹni tí ń dúró létí títì, tí ń fetí sí ọkọ̀ ọlọ́kọ̀. "Ẹ gbọ́ tàwé. Èémí rẹ̀ kò tó." Ọyẹ́ ọdún kejì ló mú òun náà lọ. Àlùfáà ní Olúwa fi fún ni, Olúwa sì gbà á lọ. Clémentine rò ó lọ́kàn pé láàárín ọdún wọ̀nyẹn, kì í ṣe Olúwa nìkan ló ń gbà.

Ọkọ̀ akẹ́rù kékeré ni wọ́n háyà láti gbé pósí lọ sí itẹ́ òkú. Ó kú lójú ọ̀nà. Awakọ̀, ará Gùn kan tí kò mọ òkú tó gbé, ṣí ẹ́ńjìnnì. Gbogbo ọkùnrin tó tẹ̀ lé òkú ti orí bọ̀ ọ́. Ẹnìkan ní bátìrì ni. Ẹnìkan ní esáǹsì ló dọ̀tí. Àlùfáà náà ní tirẹ̀, kò sì yé ẹnikẹ́ni.

Awakọ̀ gbé orí sókè, òógùn bò ó. "Ta ló mọ̀ nípa ẹ́ńjìnnì nínú gbogbo yín?"

Wọn kò bára wọn sọ ọ́. Gbogbo wọn yíjú lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n wo pósí.

Clémentine ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ó rín in títí ó fi di ẹ̀gbẹ́ mú, àlùfáà fi Bíbélì bojú, èjìká rẹ̀ ń mì. Soumanou rẹ́rìn-ín títí omi fi dà lójú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló bọ́ aṣọ ìjọba ọrùn rẹ̀, ó fi èjìká ti ìdí ọkọ̀, àwọn yòókù sì bá a tì í.

Clémentine ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ náà. Ó na ọwọ́ wọlé, ó gbé e lé pósí jẹ́jẹ́.

"Ẹ sùn jẹ́ẹ́, Bàbá Pélagie," ó ní. "Ẹ má sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n ń gbìyànjú."