Omi Jajce Tí Wọ́n Ní Ševala Rọ Lọ́tí

Wọ́n ní Ševala, opó tó ń ṣe búrẹ́dì, ń fún ọ̀ṣọọ̀rọ̀ ńlá Jajce, ìlú wa, ní rakíà, ọtí líle wa, mu, kí omi náà lè yó, kó dúró jẹ́ẹ́ kóun yàwòrán rẹ̀. Ćamil onígbàjámọ̀ ló rí i tó gbé ìgò lọ. Kí ìròyìn tó dé ìdí afárá, ìgò kan ti di àgbá méje.

Rakíà wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ohun tí Ćamil kò rí ni ẹ̀rù.

Hasnija, ẹ̀gbọ́n Ševala, wà ní ọsíbítù. Ọjọ́ Jímọ̀ ni wọ́n máa ṣiṣẹ́ abẹ fún un. Ó ní, "Àbúrò mi, ya omi wa wá fún mi, bó ṣe rí nínú òtútù yìí gan-an. Má fi ti ìgbà ooru tàn mí o."

Bẹ́ẹ̀, ojú fèrèsé ni Ševala ti ń yà á láti ọgbọ̀n ọdún. Ó ti yọ̀ ṣubú létí omi yẹn rí. Ọpẹ́lọpẹ́ ẹ̀ka igi kan, ẹja ì bá ti fi í jẹun.

Ní Ọjọ́bọ̀, ó gun àpáta. Yìnyín bo gbogbo ibẹ̀, omi ń bú bí ẹgbàá kìnnìún. Omi tó bù sínú ife láti fi po ọ̀dà dì kó tó ṣẹ́jú. Ó bu òmíràn, ó da rakíà lé e bí bàbá rẹ̀ ṣe kọ́ ọ: ọtí kì í jẹ́ kí omi ọ̀dà dì.

Pépà kan ṣoṣo ló kù. A kì í sì í fi ọ̀dà kun funfun omi. Ibi tí búrọ́ọ̀ṣì kò bá kàn lórí pépà ni omi. Bó bá ṣi ọwọ́ lẹ́ẹ̀kan, omi di ẹrẹ̀ nìyẹn. Ọwọ́ ọ̀hún wá ń gbọ̀n.

"Ọlọ́run, dá mi sí di Jímọ̀ ná. Ìyókù, a ó jọ sọ ọ́."

Ó nu búrọ́ọ̀ṣì títí tó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ, ó fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wọ́ pépà. Ọwọ́ gbọ̀n, ọ̀dà kan ibì kan, ó fo ibì kan. Funfun tó ṣẹ́kù bẹ̀rẹ̀ sí í já wálẹ̀ lójú ẹni. Ọwọ́ tó dúró ṣinṣin kò yà á bẹ́ẹ̀ rí.

Ó yà sí ilé kọfí kó lè yáná kí bọ́ọ̀sì tó ń lọ sí ọsíbítù tó dé. Ćamil ti wà níbẹ̀.

"Màmá, ẹ kú àbọ̀! Ṣé omi ti sùn?"

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Ševala gbé ife ọ̀dà ka iwájú Ćamil.

"Gbọ́ dáadáa, kírọ́ ẹ lè gún. Kì í ṣe àgbá, ife kan ni. Omi kọ́ ló mu ún, búrọ́ọ̀ṣì ni. Èmi ò fẹnu kàn án."

"Kí ló wá dé tọ́wọ́ yín ń gbọ̀n?"

"Ẹ̀rù ni! Ìdí ni mo fi wọ́ sọ̀ kalẹ̀ látorí àpáta, ẹ̀rù ọ̀la sì tún wà níbẹ̀. Ìyẹn ni kó o máa rò fún wọn. Yàgò fún mi, Hasnija ń retí omi ẹ̀."