Táìsì Mi Nílẹ̀ Pálọ̀ Ẹlòmíì

Táìsì tí mo rà sí pálọ̀ mi ni mo bá nílẹ̀ pálọ̀ ẹni tó ń bá mi lẹ̀ ẹ́!

Mo lọ sí Ìyìn lónìí láti kí ìyàwó ẹ̀ kú ewu ọmọ ni o.

Ọkùnrin yìí ló ní lọ́jọ́sí, "Mọ́mì, táìsì yìí ò tó, ẹ fi páálí mẹ́fà kún un." Mo fi kún un.

Ìyàwó ò mọ nǹkan kan. Ó ní, "Ọ̀gá ọkọ mi kan ló fi ta á lọ́rẹ, mà."

Mo ní, "Ọ̀gá yẹn mà ṣeun o."

Mo padà sí Adó, mo ra àgádágodo tuntun, mo fi ti yàrá tí ọkùnrin náà ń kó irinṣẹ́ ẹ̀ sí nílé mi.

Ó ti ń pè mí. Ó níṣẹ́ ní Ìjan lọ́la.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ṣé ìkà yìí tó, àbí kí n fi kún un?