Yanrìn Tuntun fún Dandà

Ní ọjọ́ Àìkú tó kọjá, àwọn ọmọ ọmọ mi fà mí lọ sí etí òkun ní ọ̀nà Sẹ̀mẹ̀. Mo jókòó sábẹ́ agboòrùn, mò ń mu omi àgbọn mi jẹ́ẹ́, nígbà tí òórùn kan fẹ́ wá láti ẹ̀yìn mi. Kì í ṣe òórùn ẹja, kì í sì í ṣe ti òkun. Òórùn òógùn ẹṣin ni, tó dà pọ̀ mọ́ ti awọ tó ti mu omi. N kò tíì yíjú wò ó tí omi fi lé ròrò sí ojú mi. Ọkùnrin kan ló fa ẹṣin pupa kan tó rù jáde, irú èyí tí wọ́n ń háyà fún àwọn tó bá wá gbafẹ́ kí wọ́n lè jókòó lé e ya fọ́tò. Èyí tó kéré jù nínú àwọn ọmọ náà ní, "Màmá àgbà, ṣé ẹ̀rù rẹ̀ ń bà yín ni?" Mo ní rárá o, mo ti gun ẹṣin rí. Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Arúgbó tó ń fi ọ̀pá rìn! Nítorí ẹ̀rín yẹn ni mo ṣe jókòó kọ èyí fún wọn, kí ó tó di ohun tí kò sí ẹni tí yóò lè sọ ọ́ mọ́.

Ìgbà tí owó epo rọ̀bì ń ṣàn ni. Ẹ̀bá títì tó lọ sí Sẹ̀mẹ̀ ni ilé wa wà, tí ènìyàn bá gba àárín àwọn igi àgbọn kọjá, ó ti dé òkun. Bàbá mi ń ta aṣọ àti abọ́ tó ń kó wá láti Kútọnu. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ nínú àwọn Mùsùlùmí oníṣòwò Àgbádárìgì ń fi ọkọ̀ tuntun ṣe fáàrí nígbà náà. Bàbá mi ní tirẹ̀ ra ẹṣin. Ó ti rí àwọn ẹlẹ́ṣin rí ní Ìlọrin nígbà tó wà lọ́mọdé, ó sì jọ pé kò bọ́ lójú rẹ̀ láti ọjọ́ náà. Kò tíì gun ẹṣin rí láyé rẹ̀.

Nínú ọkọ̀ akẹ́rù màlúù ni ẹṣin náà bá dé, pẹ̀lú Gáríbà, ará Hausa tí yóò máa tọ́jú rẹ̀. Dandà ni Gáríbà ń pè é, nítorí funfun tó wà níwájú orí rẹ̀. Gbogbo àdúgbò tú jáde. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi, Sẹ̀tọ́njí, tí í ṣe ọ̀gá àwọn tó ń fa àwọ̀n létí òkun, yí ẹṣin náà po, ó fọwọ́ kan ìrù rẹ̀, ó sì bi bàbá mi pé, "Àna mi, ẹja wo lẹ kó wálé yìí?" Ẹ̀gùn ni ìyá mi, ilé apẹja ni wọ́n ti bí i. Kò pe ẹṣin náà ní Dandà rí. "Osọ́" ló máa ń pè é, bí àwọn ènìyàn rẹ̀ ṣe ń pe ẹṣin.

Láàárọ̀ kùtù ni ẹ̀kọ́ máa ń bẹ̀rẹ̀, kí bàbá mi tó lọ sọ́jà. Ó máa ń ṣubú púpọ̀. Yóò dìde, yóò gbọn yanrìn kúrò lára ṣòkòtò, yóò wo ọ̀tún wo òsì bóyá ẹnì kan rí i. Gbogbo wa la máa ń rí i. Gáríbà á ní, "Alájì, ẹ jókòó bí ẹni tó wà lórí àga. Kì í ṣe àga. Ẹ fi orúnkún dì í mú, ẹ jẹ́ kí ọwọ́ sinmi." Nígbà tí bàbá rí i pé èmi kò yé wò wọ́n, ó gbé mi lé orí gàárì. Ìyá mi pariwo láti ilé ìdáná: "Ọmọbìnrin! Ta ni yóò fẹ́ ẹ báyìí?" Ṣùgbọ́n lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, òun fúnra rẹ̀ ló gé ṣòkòtò bàbá mi kan kúrú, tó rán an fún mi.

Dandà kò rí òkun rí. Bí ìgbì bá ti hó, yóò tẹ etí sẹ́yìn, yóò máa yí bírí. Bàbá mi kò nà án. Ó máa ń fà á lọ díẹ̀díẹ̀, lónìí dé ìdí àgbọn tó kẹ́yìn, lọ́la dé ibi tí ìfófò gbẹ sí, tó fi di ọjọ́ kan tí ẹṣin náà dúró nínú omi dé orúnkún, tó ń fẹ́ imú sí ìgbì bí ẹni tó ń bá a wíjọ́. Ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ rí bàbá mi tó ń sunkún. Láti ìgbà náà, àwa méjèèjì a máa gun Dandà ní etí òkun, èmi níwájú, òun lẹ́yìn, àwọn afawọ̀n á máa fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ bí a bá ti ń kọjá. Bí a bá padà délé, a óò fi omi kànga ṣan iyọ̀ kúrò lára rẹ̀, a óò fi èèpo àgbọn ha á títí ara rẹ̀ á fi dán, Gáríbà á sì gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan lé itan, yóò máa fi ọ̀bẹ yọ ohun tó há sí pátákò. Èèrí ògì àti koríko la fi ń bọ́ ọ. Ilẹ̀ ni Gáríbà máa ń da oúnjẹ náà sí, bí wọ́n ti ń ṣe nílùú wọn. Ilẹ̀ pupa líle ni bàbá mi kó dà sí abẹ́ àtíbàbà rẹ̀, kò sí ewu nínú ìyẹn.

Òjò ọdún kejì ló ba ilẹ̀ pupa yẹn jẹ́, ó di ẹrọ̀fọ̀. Iléyá sì ti kù sí dẹ̀dẹ̀, bàbá mi ń múra láti gun ẹṣin lọ sí yídì. Ẹrọ̀fọ̀ jẹ́ ohun ìtìjú fún ìyá mi. Ní agboolé àwọn ènìyàn rẹ̀, bí ọdún bá dé tàbí tí àlejò pàtàkì ń bọ̀, wọ́n máa ń ru yanrìn funfun tuntun wá láti etí òkun, wọn a tẹ́ ẹ sí gbogbo àgbàlá, wọn a fi ìgbálẹ̀ ya ilà sí i lára. Àgbàlá tí yanrìn rẹ̀ dọ̀tí, ọ̀lẹ ló nílé. Ìyá mi kó àwọn àbúrò rẹ̀ lóbìnrin jọ, wọ́n tẹ́ yanrìn sí abẹ́ àtíbàbà Dandà títí ó fi funfun bí ìyẹ̀fun. Gáríbà patẹ́wọ́. "Ilé ọba nìyí!" ló wí. Ìyá mi rẹ́rìn-ín. Kò fi ṣe ti Iléyá nìkan. Bí yanrìn náà bá ti pọ́n díẹ̀ báyìí, yóò gbé agbada lọ sétí òkun.

Bí mo ṣe rántí Iléyá yẹn, Dandà yán lẹ́nu ọ̀nà yídì, gbogbo ènìyàn yà fún un. Inú bàbá mi dùn tó bẹ́ẹ̀ tó fi ń rẹ́rìn-ín délé.

Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, Dandà kò fẹ́ sáré mọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí rù. Yóò fi ẹsẹ̀ walẹ̀, yóò yí orí wo ikùn ara rẹ̀, yóò dùbúlẹ̀, yóò tún dìde. Gáríbà po àgúnmu tó mọ̀, kò jẹ́. Bàbá mi pa ọjà tì, ó ń fà á rìn káàkiri, òógùn bo àwọn méjèèjì. Alápatà àdúgbò gbọ́, ó wá, ó fi ìwé ìròyìn di ọ̀bẹ. Mo ṣì ń gbọ́ ohùn rẹ̀: "Alájì, ẹ jẹ́ n ṣe Bísímílà fún un kó má baà di òkú ńbete. Ẹran tó tó báyìí!" Bàbá mi kò wò ó. "Gbé ọ̀bẹ ẹ relé," ló wí. Alápatà kò relé. Ó lọ jókòó sí ìdí àgbọn, ó ń retí.

Wọ́n ránṣẹ́ sí dókítà ẹranko kan ní Àjàṣẹ́, ní òdì kejì bodè. Ó fi rọ́bà gba ihò imú Dandà, ó rọ òróró sí i nínú, ó fi etí lé ikùn rẹ̀, ó gbọ́ tipẹ́tipẹ́. Lẹ́yìn náà, ó bu ìgbẹ́ ẹṣin náà sínú abọ́, ó bu omi sí i, ó rò ó, ó sì rọra da omi náà nù. Èmi àti bàbá mi la wà níbẹ̀. Ní ìsàlẹ̀ abọ́, yanrìn funfun jókòó bí ṣúgà nínú ife.

"Pàtírọ́ọ̀nù," ni dókítà wí, bí àwọn tó ń sọ Faransé ṣe ń pe ọ̀gá, "ẹṣin kò lọ́wọ́ tó fi ń ṣa oúnjẹ. Ètè ló fi ń kó èèrí nílẹ̀, yanrìn á bá a wọlé. Ikùn rẹ̀ ti kún. Ó ti pẹ́ jù."

Ní ìṣẹ́jú yẹn gan-an ni ìyá mi ń gba ẹnu ọ̀nà wọlé, agbada yanrìn lórí, ó ń mí hẹlẹ. Ó fẹ́ tẹ́ òmíràn kí ibi tí aláìsàn yóò dùbúlẹ̀ sí lè rọ̀ ọ́ lára.

Bàbá mi wo ìyá mi. Ó gba abọ́ náà lọ́wọ́ dókítà, ó dà á sí ìdí igi, ó sì fẹsẹ̀ bò ó. "Dókítà ní eré ló pa á lára," ló wí. "Mo gùn ún ní àgùnjù."

Dókítà wo bàbá mi, ó wo agbada. "Bẹ́ẹ̀ ni, Màdáàmù," ló wí. "Eré ni."

"Ṣé mi ò sọ fún yín!" ni ìyá mi kígbe. "Lójoojúmọ́, eré! Lójoojúmọ́, eré! Ṣé alùpùpù lẹ pe Osọ́ ni?"

"Òótọ́ lo sọ," ni bàbá mi wí. "Gbé yanrìn yẹn síta. Dókítà ní kò gbọdọ̀ dùbúlẹ̀."

Ó wò mí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Kò sọ pé kí n má sọ.

Ọjọ́ kejì, ní ọ̀sán, Dandà kúnlẹ̀ ní etí òkun níbi tí bàbá mi ti ń fà á rìn, kò sì dìde mọ́. Alápatà sáré wá. Bàbá mi na ọwọ́, ó dá a dúró títí ẹ̀mí ẹṣin náà fi bọ́. Àwọn afawọ̀n ni wọ́n gbẹ́ ilẹ̀. Wọ́n fi okùn àwọ̀n so ó, wọ́n tò bí wọ́n ṣe máa ń tò, wọ́n sì fà á. Iṣẹ́ tí wọ́n máa ń fi orin ṣe ni. Sẹ̀tọ́njí sọ ọ́ fún mi ṣáájú ikú rẹ̀ pé, "Nínú gbogbo ohun tí mo fi okùn fà láyé mi, òun nìkan ni a kò kọrin sí."

Alápatà ló tan ọ̀rọ̀ náà ká. Ó dé Àjárà, ó dé Ìmẹ̀kẹ: Alájì tó fi eré pa ẹṣin. Àwọn ọmọdé á máa tẹ̀ lé bàbá mi ní ọjà, wọn á máa fi ahọ́n ró pákó-pákó bí ẹsẹ̀ ẹṣin. Ọkùnrin tí kò fi ẹgba kan ẹṣin yẹn rí. Ó máa ń bá wọn rẹ́rìn-ín. Gáríbà padà sílùú rẹ̀. Nígbà tó yá, wọ́n ti bodè, owó epo kò ṣàn mọ́, ọjà bàbá mi rọ. Kò gun ẹṣin mọ́ títí ó fi kú.

Ìyá mi sì ń sọ ọ́ lọ títí ó fi darúgbó. Bí àwọn ọmọ mi bá gbé kẹ̀kẹ́ wálé, á ní, "Ẹ má fi han bàbá yín àgbà o! Ẹṣin tó ní ẹ̀mí ló fi eré pa, áńbọ̀sì irin!" Bàbá á ní, "Ẹ dá a lóhùn, òótọ́ ló ń sọ."

Òkun ti jẹ ibi tí a sin Dandà sí. Igi àgbọn ibẹ̀ ti lọ, ilé ìtura wà níbi tí àtíbàbà wà, àwọn ọlọ́kadà sì ń sáré lójú ọ̀nà tí a gbà lọ sí yídì. Èmi rò pé irú ìfẹ́ tó wà láàrin bàbá àti ìyá mi ṣì wà láyé, bí kò tilẹ̀ pariwo.

Lọ́dún tí bàbá mi kú, mo bi í pé ṣé kò yẹ kí ìyá mi mọ̀, nígbà tó jẹ́ pé gbogbo ayé ló ń fi bàbá ṣe ẹlẹ́yà. Ìgbálẹ̀ ìyá mi ń dún ní àgbàlá.

"Orí yanrìn ni wọ́n bí i sí," ló wí. "Tí mo bá sọ ọ́ fún un, ibo ló kù tí yóò fẹsẹ̀ tẹ̀?"